Àròkọ Lẹ́nu Ọ̀nà: Bí Kíláàsì Ìwé Kíkọ Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Mẹ̀kúnnù ní New York

Ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè méjì ni wọn óò gbé síwájú rẹ̀, kí ó mú ọ̀kan, kí ó sọ bóyá òun fara mọ́ ọn tàbí òun kò fara mọ́ ọn, kí ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ méjì tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò ka ìwé náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò fún un ní máàkì láti orí 1 dé 6, wọn óò sì ro máàkì méjèèjì pọ̀. Bí ó bá pé 8, ó yege. Bí kò bá pé 8, ọ̀nà dí nìyẹn.

Láti ọdún 1978, fún bí ogún ọdún, ìdánwò yìí ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ìlú New York, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CUNY. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ló kàn jù, níbi tí ọmọ tálákà, àlejò àti ìyá ọlọ́mọ ti ń wá ẹ̀kọ́. Ẹni tó mọ ìṣirò, tó mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó fi òru ṣe ọ̀sán nídìí ìwé, lè débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó má rí ọ̀nà kọjá.

Àròkọ ni àwa Yorùbá ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀: ohun tí a rò, tí a sì kọ. Rírò ló ṣáájú nínú orúkọ náà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn àwọn olùkọ́ tó fẹ́ kí rírò ṣáájú nínú kíláàsì náà pẹ̀lú ni, láàárín àwọn tó gbà pé àṣìṣe ni ojú olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1847, àwọn olùdìbò New York sọ tẹnu wọn lórí ohun tí oníṣòwò kan, Townsend Harris, ń jà fún: kí ìlú dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀, níbi tí ọmọ olówó àti ọmọ òtòṣì yóò ti jọ jókòó láìsan kọ́bọ̀. Ènìyàn 19,404 ní bẹ́ẹ̀ ni, 3,409 ní rárá. Free Academy ni wọ́n sọ ọ́, òun ló sì di City College. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n máàkì ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di àárín ọdún 1960 sí 1970, máàkì tí wọ́n ń béèrè ti ga débi pé ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Harlem, láàárín àwọn ènìyàn dúdú gan-an, aláwọ̀ funfun ló kún inú rẹ̀.

Irú kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ti ń dàgbà níbòmíràn. Joliet, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1901: ẹ̀kọ́ ọdún méjì, nítòsí ilé, lówó pọ́ọ́kú. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ kí ó sì máa lọ, ó sì lè gbé ọdún méjì rẹ̀ lọ parí ní yunifásítì. Ní New York, wọ́n dá ti Bronx sílẹ̀ ní 1957, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ohun yòówù kí akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́, ìbáà ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe ìṣirò owó, àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ni kíláàsì tí wọn kò ní yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Harvard ló fi àṣà yìí lélẹ̀ ní 1885, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti ráhùn títí pé àwọn ọmọ tó ń wọlé kò mọ gbólóhùn í tò. Ọmọ àwọn olówó Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ráhùn lé lórí nígbà náà. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí nígbà tí ó kan ọmọ tálákà, wọ́n ní ìròyìn tuntun ni, wọ́n sì ní ìparun ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Ní 1964, CUNY bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bronx àti Queensborough láti mú àwọn ọmọ tí máàkì wọn kò tó wọlé, kí wọ́n sì fún wọn ní ìrànwọ́. College Discovery ni wọ́n pè é. City College bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun ló di SEEK. Owó ìgbọ́bùkátà díẹ̀ wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, olùdámọ̀ràn wà, kíláàsì àròkọ sì wà.

Ta ni yóò wá kọ́ wọn? Lójú ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ka Shakespeare, iṣẹ́ àròkọ kò níyì. Báyìí ni ó ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé. Toni Cade Bambara, tó ń kọ ìtàn kéékèèké, débẹ̀ ní 1965. Akéwì June Jordan dé ní 1967, Adrienne Rich àti Audre Lorde sì dé ní 1968. Ní ibòmíràn, ọ̀tọ̀ ni kíláàsì àròkọ, ọ̀tọ̀ ni kíláàsì ewì àti ìtàn. Níbí, akéwì ló ń kọ́ni ní àròkọ, ẹni tó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìwé kíkọ kì í ti ọwọ́ òfin gírámà bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá torí àmì ìdánudúró bá ẹni tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ojú rẹ rí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Lorde, torí ọ̀nà rẹ̀ kan ilé wa. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti erékùṣù Karíbíà. New York ni wọ́n bí i sí ní 1934. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ni títí wọ́n fi pè é wá sídìí olùkọ́ní. Lẹ́yìn SEEK ó kọjá sí John Jay, kọ́lẹ́ẹ̀jì CUNY kan tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ń lọ, ó sì kọ́ àwọn ọlọ́pàá náà pẹ̀lú. Ní 1974 ó rìnrìn àjò dé Ghana, Togo àti Dahomey. Nígbà tí ìwé ewì rẹ̀, The Black Unicorn, jáde ní 1978, Yemọja wà nínú rẹ̀, Èṣù wà nínú rẹ̀, ó sì fi àlàyé àwọn orúkọ náà sí ẹ̀yìn ìwé kí òǹkàwé Amẹ́ríkà má bàa sọnù. Obìnrin tó ń fi ọ̀sán fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọlọ́pàá New York ló fi òru wá Yemọja rí. Mi ò lè ka ìtàn yìí kí orí mi má wú.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, ọdún 1969 ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú àti àwọn ọmọ Puerto Rico ti ilẹ̀kùn apá gúúsù City College pa, wọ́n sì fi bí ọ̀sẹ̀ méjì gba ibẹ̀. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí àwọn tó ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ àwọn tó ń jáde ní ilé-ìwé girama ìlú náà. CUNY ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn ní 1975. Ìjà yìí fà á wá sí 1970. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti parí girama ní New York ní àyè. Ẹni tí máàkì rẹ̀ tó 80, tàbí tó wà ní ìdajì òkè kíláàsì rẹ̀, lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin. Ìyókù lọ sí ọlọ́dún méjì. Nígbà ìkórè ọdún 1970, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun 35,000 ló wọlé. Bí 20,000 ni wọ́n jẹ́ ní ọdún tó ṣáájú.

Ó kù kí wọ́n kọ ìwé.

Obìnrin kan ń darí kíláàsì àròkọ SEEK láti 1967. Mina Shaughnessy lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú awakùsà tó ń jẹ́ Lead, ní South Dakota. Gbogbo ẹni tó bá wọ City College gbọ́dọ̀ kọ àròkọ kí wọ́n tó mọ kíláàsì tí wọn óò fi í sí. Ohun tí wọ́n kọ ba àwọn olùkọ́ mìíràn lẹ́rù. Ìwé kún fún àṣìṣe láti òkè délẹ̀. Gbólóhùn á gbéra, kò ní mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Àwọn kan sọ ní gbangba pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ́. Shaughnessy kó àwọn ìwé náà jọ, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé tó ní láárí. Àròkọ bí 4,000 ló lò, tí wọ́n kọ láàárín 1970 sí 1974.

Ohun tó rí ni pé àṣìṣe ní ìdí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣàdédé ṣì í kọ. Òfin kan ló ń tẹ̀ lé, òfin tirẹ̀, tó fi làákàyè kó jọ láti inú ohun tó ti gbọ́ àti ohun tó ti kà. Ìwọ̀nba ni ìwé tó ti kọ ní ilé-ìwé rí. Ó mọ̀ pé etí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbọ́ òun, ó wá ń wọ́ ọ̀rọ̀ ńlá jọ kí ó lè bá wọn dọ́gba, gbólóhùn náà sì wó lé e lórí. Ẹ̀rù àṣìṣe fúnra rẹ̀ ń bí àṣìṣe mìíràn: torí kí ó má baà ṣì í, yóò kọ ìlà mẹ́rin péré, yóò sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó yẹ kí èyí yé ọmọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní èdè wa, mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, wọ́n lọ: ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà nítorí ẹni tó ṣe é, kò sì yí padà nítorí àná tàbí òní. Ẹni tó bá ti inú irú èdè bẹ́ẹ̀ bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ọ̀rọ̀-ìṣe láìfi s sí i nídìí, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó tilẹ̀ lè ti ronú jinlẹ̀: s ló ń sọ pé nǹkan pọ̀ lára ọ̀rọ̀-orúkọ, báwo ni yóò ṣe tún máa bá ọ̀rọ̀-ìṣe rìn nígbà tí ènìyàn kan ṣoṣo bá ń ṣe nǹkan? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ wa tó ń pe ìyá rẹ̀ ní he lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí tíṣà ń nà; nínú ó tiwa, ọkùnrin àti obìnrin ọ̀kan náà ni. Bí ẹnì kan bá ti jókòó tì í láti fi ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà hàn án ni, ì bá ti yé e ní ọ̀sán kan.

Ìwé Shaughnessy, Errors and Expectations, jáde ní 1977. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkọ̀wé ọwọ́ àti àmì ìdánudúró, ó dé orí ìtò gbólóhùn, sípẹ́lì, ọ̀rọ̀ yíyàn, títí dé bí a ṣe ń gbé odindi èrò kalẹ̀. Kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ti àtúnṣe, bíi pé ọkọ̀ tó bàjẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́. Òun kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé kíkọ ìpìlẹ̀ ló pè é, ó sì dá ìwé-ìròyìn ìwádìí sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1975, Journal of Basic Writing, tó ṣì ń jáde. Àwọn olùkọ́ káàkiri Amẹ́ríkà ti ń ronú bíi tirẹ̀: ní 1974, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ àròkọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, fi ìpinnu kan lélẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ sí èdè tirẹ̀ àti sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ sórí ẹ̀tọ́ yẹn gan-an. Hostos ni, ní gúúsù Bronx. Àwọn aṣáájú Puerto Rico ló béèrè fún un, ìgbìmọ̀ aláṣẹ CUNY sì fọwọ́ sí i ní 1968. Orúkọ Eugenio María de Hostos ló ń jẹ́, olùkọ́ àti òǹkọ̀wé tó jà fún òmìnira erékùṣù Puerto Rico. Akẹ́kọ̀ọ́ 623 ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, nínú ilé tó ti jẹ́ ilé-iṣẹ́ táyà rí, lójú ọ̀nà Grand Concourse. Ẹni tó gbọ́ Sípáníìṣì nìkan lè wọlé, kí ó máa fi Sípáníìṣì kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí tàbí ìtàn, kí ó máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìpele ìpele títí yóò fi lè kọ àròkọ. Kò ní dúró ọdún mẹ́ta de Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó mọ ohun tó wà nínú kíndìnrín. Lójú tèmi, kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nínú gbogbo ìtàn yìí tó fi ọgbọ́n bẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo dárúkọ kíndìnrín. Ó rán mi létí Oscar Hijuelos. Ọmọ àwọn ará Cuba ni, New York ni wọ́n bí i sí ní 1951. Ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí àrùn kíndìnrín mú un lẹ́yìn ìrìn-àjò kan sí Cuba, wọ́n sì gbé e sí ilé ìwòsàn fún oṣù gbọọrọ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìgbà tó fi máa padà sílé, Sípáníìṣì ìyá rẹ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí èdè já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló di òǹkọ̀wé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti Bronx ló kọ́kọ́ lọ. Láti ibẹ̀, ó dé City College, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé Donald Barthelme àti Susan Sontag ti kọ́ ọ ní ìtàn kíkọ, ó sì gba oyè kejì rẹ̀ nínú rẹ̀ ní 1976. Ìwé rẹ̀ nípa àwọn olórin Cuba ní New York, The Mambo Kings Play Songs of Love, gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1990. Kò sí ẹni tó ti ìdílé elédè Sípáníìṣì wá tó gba ẹ̀bùn náà fún ìtàn àròsọ ṣáájú rẹ̀.

Ọdún tí Hijuelos ń gba oyè yẹn náà ni ilé wó. Ìlú New York ti jẹ gbèsè débi pé kò lè sanwó oṣù. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 1976, CUNY ti ilẹ̀kùn gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọ̀fẹ́ ti tán. Ohun tí àwọn olùdìbò 1847 fi sílẹ̀, tí ogun abẹ́lé àti ọ̀dá owó ọdún 1930 kò pa, ó parí ní ọdún 129. Àwọn olùkọ́ tó dé kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ lé lọ, àwọn olùkọ́ àròkọ sì pọ̀ láàárín wọn.

Wọ́n fẹ́ pa Hostos pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Bronx, kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti ará àdúgbò gba ilé náà, wọ́n sì sùn síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọlọ́pàá tó kó wọn. Ìgbìmọ̀ dìbò pé kí wọ́n pa á pọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló dá a padà kí ọdún náà tó tán, Hostos sì wà títí dòní.

Nínú ọdún 1976 kan náà ni ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun mọ ìwé í kà, òun mọ̀ ọ́n kọ, òun sì mọ ìṣirò, kí ó tó kọjá ìdajì ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti inú àṣẹ yẹn ni ìdánwò oníṣẹ́jú 50 ti jáde. Mo ti wò ó títí, mi ò rò pé àwọn tó ṣe é jẹ́ ènìyàn burúkú. Wọ́n fẹ́ kí ìwé ẹ̀rí CUNY níyì lójú ẹni tó ń gbani síṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mú owó ilé-ìwé wá, wọ́n lé olùkọ́ lọ, wọ́n sì gbé ìdánwò kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ nígbà kan náà. Ẹni tí wọ́n gba olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ní kí ó wá fi hàn pé òun ti kọ́ ọ. Shaughnessy kò rí bí ó ṣe yọrí sí. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 1978, ọdún tí ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀.

Hostos ni ìdánwò yìí ti so èso tó korò jù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti rí i pé ẹni tó ń ti Sípáníìṣì bọ̀ lè yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ìṣẹ́jú 50 sì dè é mọ́lẹ̀, ó wá fàyè gba ìdánwò ti abẹ́lé dípò rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, ìgbìmọ̀ aláṣẹ gbọ́ sí i. Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ku ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n dìbò pé ẹni tí kò bá yege nínú ìdánwò CUNY kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó jókòó kọ ọ́ ní kíá, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ló fìdí rẹmi, ìròyìn sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà bí ẹni pé ọwọ́ tẹ olè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìgbìmọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n jàre ní kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́; ní 1998, kọ́ọ̀tù òkè dá ìgbìmọ̀ láre.

Mo gbà pé ẹni tó máa ṣiṣẹ́ ní New York nílò Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, òun ló gbé wọn wá. Ohun tí ń dùn mí ni pé wọ́n yí òfin padà nígbà tí wọ́n ti dé orí àtẹ́gùn ìkẹyìn, àti pé nínú gbogbo ariwo náà, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí wọ́n kọ sínú àròkọ wọn. Máàkì wọn nìkan ni ìwé-ìròyìn tẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1999, ìgbìmọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kíláàsì ìwé kíkọ ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin. Ohun tí Shaughnessy kọ́ sí City College kó ẹrù, ó di iṣẹ́ àwọn ọlọ́dún méjì nìkan. Níbẹ̀, kíláàsì náà kò ní máàkì tí wọ́n ń kà mọ́ oyè. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó rẹ̀, ó ń jẹ owó ìrànwọ́ rẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìdé kíláàsì àròkọ gan-an.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì mìíràn ló rí ojútùú, ní àgbègbè Baltimore. Ní 2007, olùkọ́ kan níbẹ̀, Peter Adams, mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ tí ìdánwò ní wọn kò tíì tó, ó kó wọn sínú kíláàsì àròkọ gidi pẹ̀lú méjìlá tó ti tó. Bí kíláàsì bá tú, àwọn mẹ́jọ náà yóò dúró ti olùkọ́ kan náà fún wákàtí mìíràn. Wọn óò bi í ní ìbéèrè tí ojú ń tì wọ́n láti bi lójú àwọn ìyókù, wọn óò jọ tún àròkọ ọ̀sẹ̀ náà kà, wọ́n á sì sọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu nílé. Àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Columbia lọ wò ó, wọ́n sì rí i pé àwọn tó yege láàárín wọn pọ̀ gidigidi ju ti ìlànà àtijọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́wọ́ Baltimore. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, CUNY kéde pé òun ti pa kíláàsì tí kò ní máàkì rẹ́ ní gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì òun. Ẹni tó bá wọ Hostos báyìí, tó ń ti Sípáníìṣì tàbí Faransé tàbí Yorùbá bọ̀, tó sì nílò ọwọ́ díẹ̀ sí i, inú kíláàsì àròkọ tí máàkì rẹ̀ ń kà ni yóò jókòó sí. Bí àwọn ìyókù bá dìde lọ, olùkọ́ rẹ̀ yóò fa àga, wọn óò sì jọ ka ohun tó kọ.